“A kò rí i” yàtọ̀ sí “kò sí níbẹ̀”: ọ̀rọ̀ Admin lórí yanrìn dúdú àti ẹ̀rọ tó ń ka átọ́ọ̀mù

(Voice note Admin, apá 1 sí 4. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa ló bá wa tẹ̀ ẹ́ fún àwọn tí data wọn kò gbé ohùn.)

APÁ 1

    Admin yín ni o.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, arákùnrin wa kan fi fọ́tò pépà kan sórí group yìí. Pépà láàbù ni. Omi bọ́ọ̀hóòlù ilé rẹ̀ ló gbé lọ fún àyẹ̀wò, torí orí ilẹ̀ tí wọ́n ti wa kuza nígbà kan ni ilé náà wà. Níwájú ibi tí wọ́n kọ uranium sí, “not detected” ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Ẹ bá mi dúpẹ́, kò sí nǹkan kan nínú omi mi.” Èèyàn mẹ́tàdínlógún ló ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ náà, oorun ò kùn mí. Èmi náà ti di irú pépà yẹn mú rí, mo sì ti jó nítorí ẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n sọ pé màá sọ̀rọ̀ lónìí nìyẹn. Ẹ fara balẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí n parí ká tó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé abọ́ ni mò ń tà: abọ́ ike, kúlà, ìkòkò. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọjà abọ́ dákú. Ọ̀rẹ́ mi kan ní òun mọ àwọn tó ń ra yanrìn dúdú. Fún ẹ̀yin tí ẹ jìnnà, kuza ni àwọn Hausa ń pe tíìnì. Láti ayé òyìnbó amúnisìn ni wọ́n ti ń wa kuza ní ilẹ̀ Jos yìí. Wọ́n kó kuza lọ, wọ́n fi òkìtì yanrìn sílẹ̀. Òkìtì wọ̀nyẹn ṣì wà ní Bitsichi, ní Barkin Ladi, káàkiri. Yanrìn tó wúwo nínú wọn ní ohun tí wọ́n ń pè ní monazite, àwọn kan sì ń wá a rà. Ṣùgbọ́n monazite kì í dá wá. Thorium wà nínú rẹ̀, uranium náà sì wà níbẹ̀ díẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ń tú ìtànṣán jáde, ìyẹn ohun tí ojú kì í rí tó ń ba ara jẹ́.

Èmi ò mọ̀. Mo ra àpò méjìdínlógún, mo kó o sí sítọ́ọ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Inú sítọ́ọ̀ yẹn náà ni àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjì ń sùn nítorí olè. Ẹ jẹ́ kí n pè wọ́n ní Ṣeun àti Wàídì. Ilẹ̀ tutù, ni wọ́n bá tẹ́ ẹní sórí àpò. Oṣù mẹ́rin gbáko.

Ọjọ́ tí oníbàárà fẹ́ wá rà á, ó yọ ẹ̀rọ kékeré kan nínú báàgì. Ó tàn án, ó ń dún tá, tá, tá. Bó ṣe sún mọ́ àpò, ariwo ẹ̀ wá dà bíi gúgúrú tó ń ta nínú ìkòkò. Ó wo ẹní tó wà lórí àpò, ó wò mí. Ó ní, “Alhaji, ta ló ń sùn síbí?” Ẹnu mi wọ̀. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà tó wà lọ́jà yẹn.

APÁ 2

Ọjọ́ náà gan-an ni mo kó àpò kúrò. Owó tí mo ta á kò tó ìdajì owó tí mo fi rà á, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kànga. Ẹ̀gbẹ́ kànga ni àwọn ọmọ yẹn ti máa ń fọ yanrìn náà kí ó lè wúwo dáadáa, omi kànga yẹn náà ni gbogbo wa ń mu. Bí uranium bá pọ̀ nínú omi, kíndìnrín ló máa ń bá jà. Mo bá rọ omi sínú ìgò, mo gbé e lọ sí láàbù kan. Mi ò ní dárúkọ wọn. Mo sanwó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, pépà dé: “not detected”. Mo jó nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo ra mínírà fún àwọn ọmọ.

Obìnrin kan wà tó jẹ́ oníbàárà mi, láàbù ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ló ti ń ṣiṣẹ́. Àǹtí Láàbù ni mo máa ń pè é. Ó wá ra kúlà, mo fi pépà mi hàn án bí ẹni ń fi fọ́tò ọmọ hàn.

Ó ní, “Bàbá Táyé, ẹ ti ka pépà yìí tán?”

Mo ní, “Mo ti kà á, Àǹtí. Wọ́n ní kò sí níbẹ̀.”

Ó ní, “Rárá, sà. Wọ́n ní àwọn ò rí i. Ẹ wo ìsàlẹ̀ níbí.”

Mo wo ìsàlẹ̀. Lẹ́tà wẹ́wẹ́, bíi ti ìwé báńkì. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ohun tó kéré jù tí ẹ̀rọ àwọn lè rí ni 50 microgram nínú lítà omi kan. Àǹtí ní àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí uranium inú omi mímu má ju 30 microgram lọ nínú lítà kan. Microgram kan, tí ẹ bá pín gíráàmù kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ọ̀kan nínú ẹ̀ nìyẹn.

Ẹ ṣírò ẹ̀ wò, ẹ̀yin oníṣòwò. Kò yẹ kó ju 30. Ẹ̀rọ ò lè rí ohun tó bá kéré sí 50. Tí ó bá jẹ́ 40 ló wà nínú omi mi ńkọ́? Ẹ̀rọ á ní òun ò rí nǹkan kan, èmi á máa jó, àwọn ọmọ á máa mu ún. Bí ẹ bá gbé yẹtí góòlù ìyàwó yín lé ìwọ̀n tí a fi ń wọn àpò ìrẹsì, abẹ́rẹ́ ìwọ̀n ò ní mira. Ṣé góòlù ò sí lórí ìwọ̀n ni? Ó wà níbẹ̀. Ìwọ̀n ni ò tó o.

Mo ní, “Ẹ jẹ́ ká lo ẹ̀rọ tó ń ta bíi gúgúrú yẹn.” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rọ yẹn ń dúró de ariwo ni. Átọ́ọ̀mù kan gbọ́dọ̀ fọ́ kó tó gbọ́ ọ. Nínú àpò yanrìn, wọ́n pọ̀ débi pé ariwo ò ní tán. Ṣùgbọ́n uranium 238, tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀, sùúrù ẹ̀ pọ̀ kọjá ti èèyàn: ó ń gba 4.5 bílíọ̀nù ọdún kí ìdajì rẹ̀ tó fọ́. Bí microgram kan rẹ̀ bá wà nínú omi, átọ́ọ̀mù inú ẹ̀ ju 2,000 tírílíọ̀nù lọ, síbẹ̀ ẹyọ kan péré ló máa ń pariwo láàárín bíi 80 ìṣẹ́jú àáyá. Ìyókù dákẹ́. Ẹni tó bá ń dúró de ariwo á pẹ́ níbẹ̀. Ohun tó dára jù ni kéèyàn wọ inú ilé lọ, kó ka àwọn tó dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ tó ń ṣe ìyẹn ni wọ́n ń pè ní mass spectrometer.

APÁ 3

Ẹ má sá o. Bó ṣe yé mi ni màá sọ ọ́, ìwé mẹ́wàá náà ni mo kà.

Ẹ̀rọ yìí ń fi ìwúwo mọ átọ́ọ̀mù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lo mágínẹ́ẹ̀tì ńlá. Ẹ ronú kọ́nà kan lójú ọ̀nà. Ọ̀kadà á yí i wẹ́rẹ́. Trailer tó kó sìmẹ́ńtì á fẹjú kó tó yí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni átọ́ọ̀mù tó fúyẹ́ àti èyí tó wúwo ṣe ń ya ara wọn lójú mágínẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá dúró sí ìparí kọ́nà á mọ ẹni tó wúwo, á sì kà á.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì ò mọ átọ́ọ̀mù tí kò ní iná lára. Kí átọ́ọ̀mù tó lè yí kọ́nà yẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba electron kan lọ́wọ́ rẹ̀ kí iná wà lára ẹ̀. Tí wọ́n bá ti gbà á, ion ni wọ́n ń pè é. Ibi tí wọ́n ti ń sọ átọ́ọ̀mù di ion nínú ẹ̀rọ yẹn, ion source lorúkọ ẹ̀. Gáréèjì ẹ̀rọ náà ni ká kúkú pè é. Ẹni tí kò bá rí ọkọ̀ wọ̀ ní gáréèjì, kò sẹ́ni tó máa kà á ní tollgate.

Ibẹ̀ gan-an ni ọjà ti ń sọnù. Oríṣi gáréèjì kan wà tó dà bí wáyà inú gílóòbù àtijọ́. Wọ́n á mú irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, irin tí wọ́n ń pè ní rhenium, wọ́n á kán uranium tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ sórí ẹ̀, wọ́n á fi iná sí i títí á fi pọ́n yòò. Rhenium kì í tètè yọ́, ó sì lójúkòkòrò electron. Bí átọ́ọ̀mù uranium bá ń fò kúrò lórí rẹ̀, á gba electron kan lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń fò lọ láìsan owó bodè. Nínú 100 átọ́ọ̀mù uranium, ẹyọ kan kì í sábà di ion. Ìyókù á lọ lẹ̀ mọ́ ògiri ẹ̀rọ. Ẹ wò ó: èèyàn 100 wá sí gáréèjì, ẹnì kan péré ló rí ọkọ̀. Bó ti wù kí akàwé tó wà ní tollgate lójú tó, kí ló fẹ́ kà?

Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń da orí wọn rú lórí gáréèjì yìí. Àwọn kan lo irin méjì: ọ̀kan ń gbé uranium sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, èkejì tó gbóná jù ń gba electron. Àwọn kan fi èédú díẹ̀ pò ó kí uranium má tètè fò lọ kí ojúkòkòrò irin yẹn sì pọ̀ sí i. Àwọn mìíràn ní ká yé lo irin pẹlẹbẹ. Wọ́n lo irin tí wọ́n gbẹ́ ihò sí nínú bíi fèrè, wọ́n ki uranium sí ìsàlẹ̀ ihò. Kí átọ́ọ̀mù tó jáde, á fi ara gbá ògiri gbígbóná lọ́pọ̀ ìgbà. Tí ògiri àkọ́kọ́ ò bá gba electron ẹ̀, ìkejì lè gbà á, tàbí ìkẹwàá. Bí ọjà tóóró tí onígbèsè ò lè gbà kọjá láìpàdé ẹni tó jẹ ní gbèsè. Ọ̀nà yìí ti sọ iye tó ń di ion di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá ti irin pẹlẹbẹ.

Gáréèjì kejì ni èyí tí wọ́n sábà ń lò fún omi àti ìtọ̀. Gáàsì argon, tí àwọn wẹ́dà náà ń lò, ni wọ́n ń sọ di iná tó gbóná ju ojú oòrùn lọ. Bí uranium bá wọ inú iná yẹn, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹ̀ ló ń di ion. Mo ní, “Àǹtí, ìṣòro ti tán nìyẹn.” Ó ní, “Ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan, Bàbá Táyé.” Kí omi tó dé inú iná, wọ́n ń fọ́n ọn bíi lọ́fínńdà. Ẹ̀kán ńláńlá á bọ́ sílẹ̀, á gba ẹnu páìpù lọ. Níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀nà àtijọ́ fọ́n ọn, nínú 100 ẹ̀kán, bóyá ni 5 fi ń dé ojú iná. Lẹ́yìn iná, inú ẹ̀rọ ò gbọ́dọ̀ ní afẹ́fẹ́, torí náà ihò tí ion máa gbà wọlé ò ju nǹkan bíi mílímítà kan lọ. Ọ̀pọ̀ ion ló ń kú sẹ́nu ọ̀nà. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń tún ohun tó ń fọ́n omi ṣe, tí wọ́n ń gbẹ omi kúrò lára ẹ̀ kó tó dénú iná, tí wọ́n sì ń tún ẹnu ihò ṣe, tí wọ́n ń fi pọ́ǹpù tó lágbára sí i.

Èyí tó kàn ló pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ mọ oníbàárà tó gbé òkúta sínú àpò ẹ̀wà kó lè wúwo? Ó wà nínú átọ́ọ̀mù náà. Plutonium, tó ń wá láti ibi iná átọ́míìkì àti bọ́ǹbù, ìwúwo ẹ̀ jẹ́ 239. Uranium jẹ́ 238. Hydrogen, tó wà nínú omi, jẹ́ 1. Bí uranium kan bá fa hydrogen kan mọ́ra, wọ́n di 239, ẹ̀rọ á sì ní plutonium dé. Ẹ rò ó wò: wọ́n lè fẹ̀sùn kan orílẹ̀-èdè kan nítorí omi tí kò gbẹ. Gbígbẹ tí wọ́n ń gbẹ omi kúrò yẹn ń dín ẹ̀tàn yìí kù. Àwọn mìíràn ń lo iná léésà tí wọ́n ti yan àwọ̀ rẹ̀: átọ́ọ̀mù tí àwọ̀ yẹn bá lára mu nìkan ló ń di ion, ìyókù ò ní dáhùn.

Wọn ò ṣe é fún eré o. Àjọ IAEA tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ átọ́míìkì láyé máa ń fi aṣọ òwú kékeré, 10 sẹ̀ǹtímítà níbùú lóòró, nu ògiri àti tábìlì ilé iṣẹ́ átọ́míìkì, wọ́n á gbé e lọ sí láàbù wọn ní Seibersdorf, ní Austria. Eruku tí ojú ò rí ni wọ́n ń wá. Plutonium tó bá jẹ́ ìdá kan nínú ọ̀kẹ́ àìmọye gíráàmù kan, tí átọ́ọ̀mù inú ẹ̀ ò ju mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ lọ, wọ́n ń wá a. Tí 99 nínú 100 bá sọnù ní gáréèjì, kí ló kù tí wọ́n máa fi jẹ́rìí?

APÁ 4

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí kànga mi.

Àǹtí bá mi fi omi tuntun ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ oníná argon, ìtọ̀ Ṣeun àti ti Wàídì náà bá a lọ. Uranium tó bá wọ ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ ń bá jáde. Kí èsì tó dé, mo pe ìyá Wàídì ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti ń súre fún mi kí n tó lanu: “Olówó ọmọ mi, Ọlọ́run á bá mi kẹ́ yín.” Mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná.” Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní, “Ṣé ọmọ mi ò ní kú?” Mo ní mi ò mọ̀, mo ti ní kí wọ́n bá mi wò ó. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi ṣòwò, mi ò tíì sọ gbólóhùn tó wúwo tó ìyẹn rí.

Èsì dé. Omi: 11 microgram nínú lítà kan. Ìtọ̀ àwọn ọmọ méjèèjì: ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà ní kò pọ̀ dé ibi tí ẹ̀rù á fi bani. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: pépà àkọ́kọ́ ní àwọn ò rí i, pépà kejì ní 11. Omi kan náà ni, inú kànga kan náà. Omi ò yí padà, ojú ẹ̀rọ ló yàtọ̀. Ọlọ́run ló ṣàánú mi tí kò jẹ́ 40.

Síbẹ̀ mi ò tún jó. Àyẹ̀wò omi ò sọ nǹkan kan nípa eruku tí wọ́n fà símú, tàbí nípa ìtànṣán tí wọ́n sùn lé lórí, tàbí nípa radon, gáàsì tó máa ń tinú irú yanrìn bẹ́ẹ̀ jáde tó sì máa ń kún yàrá tí kò ní fèrèsé. Torí náà, títí dòní, èmi ló ń sanwó dókítà wọn lọ́dọọdún. Wàídì ti gba òmìnira, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, owó dókítà yẹn ò dúró.

Ó yá, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nìyí. Arákùnrin wa tó fi pépà síbí, mi ò sọ pé omi yín ò dára o. Ó lè dára. Ẹ padà lọ béèrè nǹkan mẹ́ta. Ìkíní: kí ló kéré jù tí ẹ̀rọ yín lè rí? Tí iye náà bá ju 30 lọ, pépà yẹn ò tíì dáhùn ìbéèrè yín. Ìkejì: irú ẹ̀rọ wo ni ẹ lò, ṣé èyí tó ń dúró de ariwo ni àbí èyí tó ń ka átọ́ọ̀mù? Ìkẹta: ṣé ẹ kọ́kọ́ fi omi mímọ́ gaara dán ẹ̀rọ wò, kí ẹ mọ̀ pé ohun tó kà kì í ṣe ìdọ̀tí tirẹ̀? Láàbù tó mọṣẹ́ ò ní bínú. Èyí tó bá bínú, ẹ gbé ìgò omi yín, ẹ máa lọ.

Ẹ̀yin tí wọ́n ń fi yanrìn dúdú lọ̀, tí wọ́n ní èrè ẹ̀ yá ju ti aṣọ lọ: ẹ má gbé e wọ ilé, ẹ má gbé e sí sítọ́ọ̀ tí ọmọ ń sùn, ẹ má fi kọ́lé. Ìjọba ti gbé ọ̀rọ̀ ohun tó ń tú ìtànṣán lé àjọ NNRA lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kó lọ bá wọn kó gbàwé. Ẹni tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kó máa ta abọ́.

Ìdá owó àjọ oṣù yìí, ẹ má gbàgbé, ọjọ́ Sátidé ló máa parí. Àǹtí Láàbù ti gbà láti dáhùn ìbéèrè ní ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìrun ìṣá. Ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀, ẹ má pè é lórí fóònù, obìnrin tó níṣẹ́ ni.

Ọlọ́run á ṣọ́ wa ní ilẹ̀ onílẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n fà lé wa lọ́wọ́, a ò ní fi èrè pa wọ́n. Ó dàárọ̀ o.